Bí Télọ̀ Ọ̀túnla Ṣe Kọ́ Èdè Àwọn Àna Rẹ̀

Orúkọ tí bàbá mi sọ mí wà nínú ìwé ìrìnnà mi, ibẹ̀ nìkan náà ló kù sí. Ní gbogbo àdúgbò wa, Ọ̀túnla ni wọ́n ń pè mí. Ẹni tó bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún mi á fi Bàbá síwájú rẹ̀. Ẹni tí inú bá ń bí á kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, á pariwo pé, "Ọ̀túnla dà?" Mi ò lè bínú, èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ ara mi lórúkọ. Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti ń rán aṣọ, kò sì sí oníbàárà kan tó bi mí pé ìgbà wo ni kí òun wá gbé aṣọ òun tí mi ò dá a lóhùn pé, "Lọ́túnla." Bó bá dé lọ́túnla, màá tún ní kó padà wá lọ́túnla. Tí ẹ bá rò ó dáadáa, irọ́ kọ́ ni mo ń pa. Ọ̀túnla wà lóòótọ́, ó kàn jẹ́ pé kì í dé ni. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń kọjá gan-an ti mọ̀ ọ́n, wọ́n á ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Ọ̀túnla," màá sì dáhùn.

Yàrá iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi kọjú sí fèrèsé, kí n lè máa rí oníbàárà tó ń bọ̀ láti ìkòríta, kí n sì tètè gbé aṣọ rẹ̀ sórí ẹ̀rọ bí ẹni pé ó ti ń gba ọwọ́ mi láti àárọ̀. Tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ wà láàárín, áyọ́ọ̀nù wà ní igun, àpò ńlá mẹ́ta sì wà lábẹ́ tábìlì. Aṣọ tí mo ti gé tí mi ò tíì rán ló kún inú wọn. Ẹ má dá mi lẹ́jọ́ o, ọgbọ́n iṣẹ́ ni. Bí oníbàárà bá ti gbé aṣọ sílẹ̀, kó tó rìn dé ìkòríta, mo ti tẹ́ ẹ, mo ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i, mo ti ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́. Kì í ṣe pé mo fẹ́ rán an. Aṣọ tí wọ́n bá ti gé, ẹni tó ni ín kò lè gbé e lọ fún télọ̀ mìíràn mọ́. Kó máa bú mi, kó máa ṣépè, ọ̀dọ̀ mi náà ni á máa padà sí. Ìyàwó mi ní bó bá jẹ́ pé bí mo ṣe ń yára gé aṣọ ni mo ṣe ń yára rán an, à bá ti kọ́ ilé alájà mẹ́ta.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún àwa méjèèjì, obìnrin ni. Ọdún méje sẹ́yìn, ó fẹ́ ọmọkùnrin Jàpáànì kan tó jẹ́ ẹnjiníà inú ọkọ̀ òkun, ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti pàdé. Mo ní kò sí télọ̀ tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan gáùn ìgbéyàwó ọmọ mi àfi èmi. Ó gbé aṣọ funfun náà fún mi ní oṣù mẹ́rin ṣáájú. Mo gé e lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀yin náà ti mọ ìyókù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, apá òsì kò tíì sí lára gáùn, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọmọ mi dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù nínú àwọ̀tẹ́lẹ̀, wọ́n ti kun ojú rẹ̀, wọ́n ti ṣe irun rẹ̀, ó ń wò mí bí mo ṣe ń wá òwú funfun kiri. Mo ní, "Fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i." Ó wọ aṣọ tó wọ̀ wá padà, ó lọ yá gáùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó kúrú fún un. Nínú gbogbo fọ́tò ọjọ́ yẹn, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ síta, èmi sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú kóòtù tuntun. Kóòtù tèmi parí lásìkò.

Bó bá bá mi jà ni, ara ì bá tù mí. Kò jà. Ó kàn jẹ́ pé láti ọjọ́ náà, kò bẹ̀ mí ní ohunkóhun mọ́. Bó bá pè láti Jàpáànì, òun àti ìyá rẹ̀ á sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko. Tó bá kàn mí, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàámi. Ṣé ara le?" Ó tán. Ó ń dùn mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá da omi síwájú ló máa tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi rọ tèmi dà sílẹ̀ gbẹrẹgẹdẹ, mo wá ń wá ibi tútù.

Níbi àsè ìgbéyàwó yẹn náà ni mo ti fi ìtìjú ṣe ohun tó mú mi dé ibi tí mo dé. Mo gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ ẹni tó ń darí ètò, mo ní kí ọdún tó parí, èmi àti àwọn àna mi á máa sọ èdè wọn bí ẹní mumi. Mi ò sọ ọdún wo. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́, àfi ìyàwó mi.

Yàrá kan lókè ilé onígíláàsì ojú ni wọ́n ti ń kọ́ wa ní èdè Jàpáànì, ní àárọ̀ Sátidé. Olùkọ́ wa jẹ́ obìnrin tó ti ṣe akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun kan ní Jàpáànì fún ọdún mọ́kànlá. Ohùn rẹ̀ kì í ga, ṣùgbọ́n bíró pupa rẹ̀ kì í sinmi. Ìpele àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é. Ìpele kejì, ẹ̀ẹ̀mejì. Sátidé ni àwọn oníbàárà máa ń wá bú mi, n kò lè máa pa wọ́n tì nígbà gbogbo. Àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ti lọ sí Jàpáànì, wọ́n ti padà dé, ọ̀kan ti bí ọmọ méjì níbẹ̀, èmi ṣì ń ka "ìyá mi ra bàtà." Àmọ́ díẹ̀díẹ̀ náà, mo wọ ìpele àárín. Mo gbé ìwé náà sórí tábìlì ìgéṣọ kí oníbàárà lè máa rí i. Ọ̀kan wò ó títí, ó ní, "Bàbá, ṣé wọ́n kọ ìgbà tí síkẹ́ẹ̀tì mi máa parí síbẹ̀?"

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni ọmọ mi pè pé òun ti lóyún. Ìyàwó mi pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ilé kejì fi yọjú. Nígbà tó yá, dókítà wọn ní ọmọ náà ò ní lè gba ọ̀nà tirẹ̀ jáde, wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì dá ọjọ́ sí i: ọjọ́ kejìlá oṣù karùn-ún. Ọkọ rẹ̀ á wà lójú òkun títí oṣù náà á fi parí. Ọmọ mi ní kí ìyá òun wá bá òun. Ọkọ rẹ̀, ọmọlúàbí ènìyàn, ti bá àwa méjèèjì gba ìwé àṣẹ láti wọ ìlú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó dárúkọ mi. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ó ku bí oṣù méjì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí àtẹ̀gùn, egungun ìbàdí rẹ̀ sì sán. Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ jókòó sínú ọkọ̀ òfuurufú kankan.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, a pe ọmọ wa láti sọ fún un. Mo yọ fóònù lọ́wọ́ ìyàwó mi. Mo ní, "Èmi á wá."

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì, ó rẹ́rìn-ín títí ìbàdí fi ń dùn ún, ó wá ń pariwo, "Yéè, ìbàdí mi! Olówó orí mi, ẹ má pa mí!"

Ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní, "Bàámi, èmi àti ìyá ọkọ mi nìkan ló wà níbí. Wọn ò gbọ́ èdè mìíràn, wọ́n sì ti dàgbà. Tí wọ́n bá ti là mí nínú, tí mo sùn lọ, mo fẹ́ kí ẹni tó bí mi wà nítòsí, kó gbọ́ ohun tí dókítà bá sọ. Ṣé ẹ lè gbọ́ ọ?"

"Ìpele àárín ni mo wà o!"

"Ó dáa. Lọ́sẹ̀ méjì sí i, màá pè yín níwájú ìyá ọkọ mi. Ẹ fi ẹnu yín sọ fún wọn ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀."

Inú mi dùn débi pé mi ò lè rán aṣọ lọ́jọ́ kejì. Àwáwí mìíràn nìyẹn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ọdún méje nìyẹn, ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ mi. Tí mo bá tún já a kulẹ̀ lórí èyí, ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ọmọ náà ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn títí tí màá fi kú.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo dé kíláàsì ṣáájú olùkọ́. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dá lórí bí èèyàn ṣe ń sọ ibi tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó dé. Olùkọ́ kọ ọ̀rọ̀ méjì sójú pátákó. Ó ní a ti mọ èkíní, èyí tó ní *made* lẹ́yìn, ìyẹn "títí di": láti aago mẹ́sàn-án títí di aago mẹ́ta, ilé-ìfowópamọ́ ṣí sílẹ̀. Bí aago mẹ́ta bá ti lù, wọ́n ti ilẹ̀kùn, kò sí ẹ̀bẹ̀. Ó wá ní èkejì ni ti ìpele tiwa, èyí tó ní *ni kakete*, ìyẹn "wọ". Ti èyí ò le bẹ́ẹ̀. Òjò á rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ wọ àárọ̀. Ó ń dùn mí láti ọrùn wọ èjìká. Ẹnikẹ́ni ò lè fi ìka tọ́ ibi tí ìrora náà ti parí gan-an, ṣùgbọ́n gbogbo ibẹ̀ ló ń dunni.

Háà! Mo gbá tábìlì. Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti ń wá ọ̀rọ̀ yìí. Ṣé ẹ rí i, èdè wa ò ràn mí lọ́wọ́. Bí mo bá sọ pé lọ́túnla, wọ́n kà á, ó pé, wọ́n wá bú mi. Àwọn Jàpáànì ti jókòó, wọ́n ti ro ti télọ̀, wọ́n ti ṣe é sílẹ̀ fún wa. Ìdúró mi nínú ayé gan-an ni wọ́n kọ sójú pátákó yẹn.

Olùkọ́ ní kí oníkálukú kọ gbólóhùn márùn-ún. Mo kọ mẹ́sàn-án. Láti Ọjọ́rú wọ Ọjọ́ Ẹtì, màá parí ṣòkòtò yín. Láti oṣù kìíní wọ oṣù kẹta, màá fi bọ́tìnnì sí i. Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bíró pupa kọjá lórí gbogbo wọn.

Ó ní, "Bàbá, nǹkan kan ṣoṣo tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a kì í lò ó fún un. Aṣọ máa ń parí lẹ́ẹ̀kan ni. Ẹ mú ọjọ́."

Mo ní, "Olùkọ́, ẹ ò tíì rí bí aṣọ ṣe ń parí ní ṣọ́ọ̀bù mi ni."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo rò pé mo ti borí rẹ̀. Agbéraga ni mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú inú wò mí bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn onígíláàsì yẹn, mo ń súfèé, ìwé wà lábẹ́ abíyá mi, mo ń sọ *ni kakete, ni kakete* bí ọmọdé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bàtà fún.

Ọjọ́ ìpè pé. Mo wọ kóòtù, mo fá irùngbọ̀n, mo gbé fóònù ti àpótí òwú lórí tábìlì ìgéṣọ. Ìyàwó mi jókòó sórí àga pẹ̀lú ìrọ̀rí lẹ́yìn, ó ní òun ò lè pàdánù èyí. Ojú ọmọ mi yọ, ó ti sanra sí i, ó rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó sí gbọ̀nrán, irun rẹ̀ funfun báláú. Mo tẹríba kí wọn bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Mo tẹ̀ ẹ́ jù, iwájú orí mi kọlu fóònù, fóònù ṣubú sáàárín àjákù aṣọ. Ìgbà tí mo fi máa gbé e padà, ìyàwó mi ti fi ìrọ̀rí bo ẹnu.

Ìyá ọkọ rẹ̀ dúpẹ́, wọ́n ní àwọn ti gbọ́ pé mò ń bọ̀. Mo gbọ́ ọ! Wọ́n wá bi mí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń bá ọmọ kékeré sọ̀rọ̀, pé ìgbà wo ni.

Mo fẹ àyà. Mo fi èdè wọn sọ ọ́ ketekete: láti oṣù kẹrin wọ oṣù karùn-ún ni mo ń bọ̀. Mo sì fa *ni kakete* náà gùn kí wọ́n lè mọ̀ pé ìpele àárín ni.

Ìyá náà mi orí, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní ṣé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n wá yíjú sí ọmọ mi, wọ́n rọra bi í pé ọjọ́ wo gan-an nìyẹn. Èmi ni ọmọ mi kọjú sí.

"Bàámi." Èdè wa ló fi sọ ọ́. "Ẹ ti gbé ọ̀túnla yín dé Jàpáànì."

"Rárá o, ọmọ mi, ìlànà tuntun ni, ẹ̀kọ́—"

"Wọn ò ní la inú mi láti oṣù kan wọ oṣù kan. Ọjọ́ kejìlá ni, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, Bàámi. Mo rò pé tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí mi, ẹ á lè mú ọjọ́ kan." Omi ti ń dà lójú rẹ̀, ó nù ún. "Ẹ má wá mọ́. Ẹ tọ́jú Màmá. Àwọn nọ́ọ̀sì á bá mi ṣe é."

Ojú fóònù ṣókùnkùn. Ìyàwó mi gbé ìrọ̀rí sílẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wò mí, ó ní, "Ẹyin lohùn o," ó ti ara rẹ̀ dìde, ó ń tiro lọ sí yàrá. Mo jókòó síbẹ̀ nínú kóòtù mi bí ọ̀lẹ tí wọ́n lé kúrò lóko. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ní Sátidé, mo lọ bá olùkọ́ jà. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀bi rẹ̀ ni, òun ló kọ́ mi. Ó gbọ́ ẹjọ́ mi tán, ó dé bíró pupa rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, òjò ò mọ ìgbà tí òun á dá, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ bẹ́ẹ̀ fún òjò. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ò mọ ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀ ni, àbí ẹ ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n?"

Mo rìn káàkiri àdúgbò ní ọ̀sán yẹn kí n tó dé ilé, mo sì sọ òótọ́ fún ara mi, òótọ́ sì korò. Ẹ̀rù ni. Ẹni tó bá dá ọjọ́ fún èèyàn ti fún un ní ohun tó máa fi mú un. Bí mi ò bá dá ọjọ́, kò sí ọjọ́ tí mo yẹ̀. Gbogbo ayé ń pè mí ní òpùrọ́, èmi sì ń fọ́nnu pé mi ò purọ́ rí. Ojo ni mí, gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn.

Láti ibẹ̀ mo lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Obìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà bi mí pé, "Ọjọ́ wo ni, Bàbá?"

"Láàárín..." Ẹnu ti mọ́ mi lára.

"Bàbá, ọkọ̀ òfuurufú kì í gbéra láàárín."

Ó tó ìgbà mẹ́ta tí mo la ẹnu kí ọjọ́ tó jáde. Mo ní kí n balẹ̀ sí Jàpáànì ní ọjọ́ kọkànlá oṣù karùn-ún, kó ku ọ̀la kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ó ní ṣé èyí tó ṣeé yí padà ni àbí èyí tí kò ṣeé yí padà. Mo mọ ara mi. Mo ní èyí tí kò ṣeé yí padà, kí n tó rò ó lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí ìwé náà jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, mo wá mọ bó ṣe máa ń rí lára àwọn oníbàárà mi nígbà tí mo bá ki sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ wọn.

Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọmọ mi ní èdè wọn: ọjọ́ kọkànlá, aago kan ọ̀sán. Ó fèsì ní èdè wa pé, "Ẹ ṣeun, Bàámi." Kò fi nǹkan kan kún un, mo sì mọ̀ pé kò gbà á gbọ́, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn oníbàárà ṣe máa ń dá mi lóhùn.

Ó ku àpò mẹ́ta abẹ́ tábìlì. Mo ní mi ò ní fi wọ́n sílẹ̀ lọ. Mo tú wọn sílẹ̀, ìyàwó mi jókòó tì mí, ó ń bá mi gán bọ́tìnnì, ó ń bá mi bú ara mi. Mo pe àwọn oníbàárà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo dá ọjọ́ fún oníkálukú, mo sì ń parí aṣọ lọ́jọ́ tí mo dá. Ẹ wá wo wàhálà! Kò sẹ́ni tó wá. Ẹni tí mo ní kó wá lọ́jọ́ Ajé dé lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kejì, ó bá aṣọ rẹ̀ lára ìkọ́, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Ó ní, "Bàbá Ọ̀túnla, ṣé kò sí o? Ṣé dókítà sọ nǹkan fún yín ni?" Òmíràn gbé ọsàn wá bí ẹni tó wá kí aláìsàn. Kí n tó mọ̀, ó ti tàn kálẹ̀ ládùúgbò pé mo fẹ́ kú. Ìyàwó mi gba ọsàn náà, ó ní a dúpẹ́.

Mo gbéra. Mi ò ní sọ̀rọ̀ nípa inú ọkọ̀ òfuurufú, mo kàn mú ìjókòó dání ni. Ọkọ̀ náà balẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlá, aago kan kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo jáde pẹ̀lú ẹrù, mo ń wo gbogbo ojú tó ń dúró de èèyàn. Kò sí ẹni tó ń dúró dè mí. Mo pe fóònù ọmọ mi, kò lọ. Mo jókòó fún ìgbà díẹ̀. Mi ò bínú rárá. Bó bá jẹ́ èmi ni, èmi náà ò ní wá pàdé ara mi. Mo dìde, mo fi orúkọ ilé ìwòsàn tí ọmọ mi ti kọ fún ìyá rẹ̀ tẹ́lẹ̀ han awakọ̀ kan. Ó bi mí ní ìbéèrè méjì, mo gbọ́ ọ̀kan, mo sọ bẹ́ẹ̀ ni sí méjèèjì. Ó gbé mi dé ibẹ̀.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àjà kẹta, mo rí ìyá ọkọ rẹ̀ lórí àga. Wọ́n rí mi, wọ́n fò dìde bí ẹni rí iwin. Wọ́n tẹríba, mo tẹríba, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́, a ò mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ dúró. Wọ́n wá sọ fún mi pé omi ti ya lára ọmọ mi ní ìdájí, pé wọn ò lè dúró de ọ̀la, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní àárọ̀. Obìnrin ni ọmọ náà. Ara ọmọ le, ara ìyá le. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́, kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó ṣubú sílẹ̀. Àgbà ni mí, ṣùgbọ́n mo sunkún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ìyá náà fún mi ní ìnujú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo tíì dé lásìkò láyé mi, ọmọ-ọmọ mi ò ní sùúrù.

Dókítà jáde. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tó rí ojú mi. Ó ní á máa dùn ún láti ikùn wọ ẹ̀yìn fún ọjọ́ díẹ̀, kò léwu, kí a má jẹ́ kó gbé ohun tó wúwo. Mo fi èdè wọn dá a lóhùn pé mo ti gbọ́. Wọ́n jẹ́ kí n wọlé.

Ọmọ mi ń sùn. Ọmọ náà wà nínú bẹ́ẹ̀dì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ẹ̀ṣẹ́. Mo jókòó, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó tó bí wákàtí kan kí ọmọ mi tó lajú. Ó wò mí. Ó di ojú, ó tún là á. Mo rí ẹ̀rù lójú rẹ̀.

Ó ní, "Bàámi. Ọjọ́ mélòó ni mo ti sùn?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde. Mo ní, "Àárọ̀ yìí náà ni, ọmọ mi. Ọjọ́ kọkànlá lónìí."

"Ẹ má purọ́ fún mi. Kí ló ṣe mí? Ọ̀sẹ̀ mélòó ni?"

"Ọjọ́ kọkànlá ni."

Kò gbà mí gbọ́, kò rò pé mo lè dé lọ́jọ́ tí mo dá. Ó yíjú sí ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó bi wọ́n ní èdè wọn pé ọjọ́ wo lónìí. Wọ́n ní ọjọ́ kọkànlá ni, pé ọ̀sán yìí ni bàbá rẹ̀ balẹ̀. Ó tún bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́, ó di apá aṣọ mi mú, ó ń sunkún, kò sì fi í sílẹ̀ títí oorun fi tún gbé e lọ.